Ìyàwó Ní Ọkọ Òun Ti Kú, A Bi Í Pé Irú Kọ̀ǹpútà Wo Ló Ń Lò

Ọkùnrin kan kú sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a níbẹ̀, ó rò pé oorun ló gbé e lọ. Ó tiẹ̀ rọra ń gbẹ́sẹ̀ kó má baà jí i. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, kó tó padà wá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé kó dìde wá jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, láàárín ẹkún àti àwọn èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde, obìnrin náà rántí àwa tí à ń lo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọkọ òun ti máa ń gba ẹ̀sùn lọ́dọ̀ wa. Ó wọ ibẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ń tún nǹkan yìí ṣe fún yín kú lánàá. Èmi ni ìyàwó rẹ̀." Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí èsì fi dé: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. Ẹ kò sọ irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò, ẹ kò sì sọ ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀. A ti pa ẹ̀sùn yìí dé."

Kì í ṣe èèyàn ló fèsì. Ètò kan tó ń dáhùn fúnra rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ gan-an ló sì kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà ló ní kó kọ ọ́, wọ́n ní ẹ̀sùn ti pọ̀ jù lójú ewé náà, pé ó ń ba àwọn lórúkọ jẹ́. Kàkà kí wọ́n wá ẹnì kan tí yóò máa bá a ka ẹ̀sùn, wọ́n ní kó wá nǹkan tí yóò máa pa á dé. Ó ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, bí gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn. Ó pa ìkéde ikú olúwa rẹ̀ dé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kà á.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n là á bó ṣe yẹ ká ti là á tipẹ́. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ló jókòó ṣe èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun la fi kọ ètò tó ń to ojú ewé ìwé ìròyìn yìí, òun ni wọ́n fi kọ èyí tó ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ yín níléèwé àti èyí tó ń pe nọ́ńbà yín nígbà tí ẹ bá jókòó sí ọsibítù. Àwọn tó dá èdè náà sílẹ̀ lókìkí. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un náà lókìkí, orí pèpéle ni wọ́n ń gùn káàkiri, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè fi èdè náà kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì yín. Ta ló ń gbé e wọlé?

Ẹnì kan ní láti jókòó kọ àwọn àṣẹ tí yóò kó gbogbo ẹ̀yà èdè náà jọ láti ibi tí wọ́n wà, tí yóò tò wọ́n pọ̀ di odidi, tí yóò wo kọ̀ǹpútà tó bá pàdé bóyá tuntun ni tàbí àlòkù, tí yóò sì fi ohun gbogbo sí àyè rẹ̀ láìba ohun tó ti wà níbẹ̀ jẹ́. Tó bá ṣe é dáadáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó lọ mu omi, ẹ ó padà wá bá a pé ó ti parí. Tí kò bá ṣe é dáadáa, ariwo yín á gba àdúgbò kan. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ wọn, wọn kì í sọ fẹ́nì kankan, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á sì kọ̀ lónìí. Ọkùnrin yìí á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí èdè náà bá ti wọ kọ̀ǹpútà yín tán, ìlà kan á jáde lójú rẹ̀ pé: "Ó ti wọlé. Ẹ kú iṣẹ́." Òun ló kọ ọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ la sì ti fún un lórúkọ: Ó-Ti-Wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ mìíràn fún un títí ó fi kú. Àwa tí a kàn tẹ bọ́tìnnì ló ń kí pé a kú iṣẹ́. Ta ló kí òun?

Ẹ má rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo dúró sí tí mò ń nàka. Ọwọ́ mi ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tó kú, àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa gba ẹ̀dà tuntun fúnra wọn, ètò tó ń to ojú ewé sì kọ̀ jálẹ̀. Ariwo ta. Olóòtú wa dúró lé mi lórí bí ẹni tó fẹ́ gba gbèsè. Mo gbìyànjú láti tún èdè náà gbé wọlé, ó já sí àṣìṣe. Inú bí mi. Mo lọ sójú ewé ẹ̀sùn kan náà, mo kọ irú kọ̀ǹpútà tí à ń lò, mo kọ ẹ̀dà rẹ̀, mo sì fi èyí kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ pé: "Àbí ẹni tó ń bójú tó nǹkan yìí ti kú ni?"

Ẹ̀sùn tèmi pé pérépéré, nítorí náà ètò náà kò pa á dé. Ó wà níbẹ̀ gbayawu. Àwọn èèyàn fi àwòrán àtàǹpàkò sí i pé mo sọ̀rọ̀ gidi, àwọn kan fi ojú ẹ̀rín sí i. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kọ wà lójú ewé kan náà, láàárín àwọn tí wọ́n ti pa dé, n kò sì wo ibẹ̀. Ta ló máa ń ka ẹ̀sùn tí wọ́n ti pa dé?

Nígbà tí ìròyìn wá kan Ìgbìmọ̀ lára, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìdárò jáde. Èmi náà ti kọ irú ẹ̀ rí, mo mọ èyí tó ti ọkàn wá àti èyí tí wọ́n sáré fi ẹnu kọ. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Wọ́n wá ní: "Ó dùn wá gan-an pé kò jẹ́ ká mọ̀ pé ara òun kò le. Ká ní ó ké sí wa ni, à bá ti ràn án lọ́wọ́." Lẹ́yìn ìlà yẹn gan-an ni wọ́n bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ tètè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ wo? Ẹ gbọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní kì í gba ohunkóhun wọlé tí kò bá ní òǹtẹ̀ lára. Òǹtẹ̀ náà wà nínú ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kò ju ìka ọmọdé lọ. Láìsí i, ẹ̀dà tuntun èdè náà kò lè jáde. Ó-Ti-Wọlé nìkan ló ní in, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a pín wàhálà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ lè lọ gba òmíràn o. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tó ń fún èèyàn lóǹtẹ̀ bó ṣe jẹ́ pé ẹnì kan péré ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́, ìyẹn kò sì wù wọ́n.

Obìnrin náà fún wọn lésì kúkúrú. Ó ní kí wọ́n yọ ìlà tó ní ọkọ òun kò ké sí wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìdárò wọn, kí wọ́n kọ òótọ́ sípò rẹ̀, kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Kò béèrè ohun mìíràn. Ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìdárò kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tún kọ. Báyìí ni ìjà ṣe kúrò lọ́rùn Ìgbìmọ̀ tó wá dorí opó. Àwa tí kọ̀ǹpútà wa kọ̀ ṣiṣẹ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ó fi òkú ọkọ rẹ̀ dènà fún gbogbo ayé. Wọ́n ní kí ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú!

Olóòtú wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀rọ̀ọ́ sọ nínú gbogbo wa. Lọ bá obìnrin yẹn. Kí i dáadáa, kó o wá fọgbọ́n bá a sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà." Mo lọ. Ẹ gbọ́ mi yé o: kì í ṣe pé mo lọ kẹ́dùn. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá lọ. Mo ra èso lọ́nà kí n lè jọ ẹni tó wá kẹ́dùn.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe ni wọ́n ń gbé, òórùn gúlúù sì bá mi gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn, ó ṣì wọ bàtà funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà," ni mo wí, "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó gba èso lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, ó sì mú mi lọ sí yàrá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè.

Yàrá náà kò ju ibi tí wọ́n lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan sí. Ilẹ̀kùn àlòkù kan tí wọ́n gbé lé orí àpótí ni tábìlì rẹ̀. Ihò tí wọ́n ti yọ ìdè ilẹ̀kùn kúrò ṣì wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà ń gbà kọjá. Àwọn kọ̀ǹpútà tò síbẹ̀ bí aláìsàn nínú wọ́ọ̀dù. Òmíràn ti gbó, òmíràn ojú rẹ̀ ti sán, òmíràn bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ bí eyín. Wọ́n lẹ pílásítà tí wọ́n fi ń di ojú egbò mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀ sórí pílásítà náà. Kò sí irú kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè máa lò nílé tí kò ní ìkejì rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti sọ fún un pé kó gbàgbé àwọn àlòkù wọ̀nyẹn, kó gbájú mọ́ tuntun. Ó ní àwọn àlòkù yẹn ló wà ní iléèwé, ta ni yóò gbé e wọlé fún wọn?

"Àwọn orogún mi nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Tí mo bá ní kó wá sùn, á ní ara èyí kò yá, òun ń tọ́jú ẹ̀. Mo ní ṣé ara èmi ló wá yá? Pílásítà tó lẹ̀ mọ́ wọn yẹn, èmi ni mo ń bá a gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ ò rí i pé mo tún ń bá orogún ra aṣọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò bá a lọ jìnnà.

Ìyá tó bí ìyàwó náà ló jókòó sórí àga tí ọkùnrin náà kú sí. Ìyá àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun báláú ni, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò mí. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi sọ nǹkan tó wà nínú mi, nítorí ó ní, "Ẹ̀rù àga yìí ń bà ẹ́? Àga mi ni. Orí bọ́kẹ́ẹ̀tì lòun máa ń jókòó sí tí mo bá wà níbí. Ìwọ náà ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe ń pè mí." Ó fa àga sún mọ́ tábìlì kó lè fi hàn mí. "Tó bá ṣe tuntun tán, á ní, Màmá, ẹ wá bá mi gbé e wọlé. Màá jókòó síbí. Òun á jókòó sẹ́yìn mi, á ti ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, á wá jókòó lé wọn, kó má baà nawọ́ bá mi tẹ̀ ẹ́. Màá máa ka ohun tó kọ sójú ẹ̀. Tí mo bá débi tí ò yé mi, màá dúró. Màá ní, ọmọ mi, mo ti bà á jẹ́ o. Á ní rárá, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, èmi ni. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, èmi ni ò ṣe é dáadáa. Á bá lọ tún un kọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀."

"Gbogbo ìgbà?" ni mo bi í.

"Gbogbo ìgbà! Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ohun tí ò yẹ lọ́jọ́ kan, kí n wò ó bóyá á bú mi. Ó ní, Màmá, ẹ ṣé gan-an, kò yẹ kí n fi bọ́tìnnì yẹn síbẹ̀." Ìyá àgbà náà fi etí aṣọ nu ojú. "Mi ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo bí ìyàwó ẹ̀, mo máa ń bú u."

Mo rántí ìpàdé ọdọọdún tí àwọn tó ń lo èdè náà máa ń ṣe. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Alága Ìgbìmọ̀ gun orí pèpéle, tó ní kò sí èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tó rọrùn láti gbé wọlé bíi tiwa, kódà ìyá àgbà lè ṣe é. A pàtẹ́wọ́, a rẹ́rìn-ín. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi èdè náà di olówó ti kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára aṣọ tí wọ́n pín fún wa. Ìyá àgbà náà nìyí, lórí àga tó ń dún kínkín. Ta ló dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀? Ta ló dárúkọ ẹni tó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ nítorí rẹ̀? Èmi tí mo kọ ìròyìn ìpàdé náà sínú ìwé ìròyìn yìí, ṣé mo béèrè?

Ìyàwó gbé omi fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sẹ́nu nígbà tó ní, "Ẹ̀yin lẹ béèrè pé àbí ọkọ mi ti kú ni, àbí?"

Mo gbé ife náà sílẹ̀. Orúkọ tí mo fi ń kọ̀wé sínú abala yìí ni mo fi kọ ẹ̀sùn yẹn, obìnrin náà sì máa ń ka ìwé ìròyìn wa. "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má bínú," ni mo wí. "Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Mo ti ń fa fóònù yọ, mo ní màá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tèmi ni wọ́n pa dé, tiyín ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá débẹ̀ máa rí i." Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tú píìnì tó wà lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde. "Kọ́kọ́rọ́ lẹ bá wá. Ẹ má parọ́ fún mi, èèyàn púpọ̀ ló ti wá ká tó rí yín." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i, mo mọ̀ ọ́n sórí, màá sọ ọ́ fún yín. Ẹ máa mú un lọ, tí ẹ̀yin náà bá lè wo ojú mi kẹ́ ẹ sọ pé kò ké sí yín."

Gbogbo ohun tí Olóòtú rán mi wá nìyẹn, nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo sì fẹ́ mú un lọ o, ẹ jẹ́ kí n má tan yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo àwa tí a ń lo èdè náà la mọ̀ ọ́n, nítorí kì í ṣe ohun tó wà ní ìpamọ́. Ọkùnrin náà kọ ọ́ síta, lójú ewé tí gbogbo ayé ń kà, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ó ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, pé kí òun dín iṣẹ́ kù. Ó ní òun ò fẹ́ já ẹnikẹ́ni kulẹ̀, ẹnì kan péré lòun ń wá, tí yóò máa bá òun gbé e. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́."

Kí la ṣe? A fi àtàǹpàkò sí i. Ìyẹn ni pé a ti kà á, a sì gbà pé òótọ́ ni. Àwọn kan fi ọkàn pupa sí i. Ìgbìmọ̀ fèsì pé àwọn mọrírì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó tún padà wá, ó ní òun ṣì ń bẹ̀ wá. A tún fi àtàǹpàkò sí i. Nígbà tó yá tí kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ètò tó ń dáhùn fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti tutù, ó sì pa á dé. Àtàǹpàkò tèmi wà níbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo fi í sí i: orí ìjókòó ni mo wà, mò ń retí kí nǹkan tó gbé wọlé parí, mo kà á, àánú ṣe mí, mo tẹ àtàǹpàkò, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa. Ìlà yẹn jáde pé ẹ kú iṣẹ́, mo bá tèmi lọ.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sí i lọ́wọ́. 

Nígbà tí mo délé, mo pe Alága lórí fóònù. Èèyàn dáadáa ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa là ń fínnúfíndọ̀ ṣe é. Kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ṣé ẹ ka ohun tó kọ, sà?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ti ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru."

"Mo kà á. Mo tiẹ̀ fi àtàǹpàkò sí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kọ ọ́ pé kò ké sí yín?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìdárò mà ni. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà bá wa bẹ ìyàwó rẹ̀ yẹn, kó yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́."

Èmi ò ní bẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ fún Olóòtú wa, ó sì ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, èmi àti ẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Ojú ewé tí ẹ ń kà yìí, ọwọ́ la fi tò ó. Tí ẹ bá rí i pé ìlà rẹ̀ wọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ẹ má bínú sí opó. Kó wọ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe ohun tó tọ́.

Mò ń béèrè lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀, ní gbangba, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbangba náà ni wọ́n ti parọ́: ta ló jókòó tó pinnu pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè dá a ṣe? Kí ẹni náà jáde kó dárúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n yọ ìlà yẹn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ síbẹ̀, àti èsì tí wọ́n fún un. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ tí ẹ lówó láti tẹ orúkọ yín sára aṣọ, nínú gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ ò lè yọ̀ǹda ẹnì kan? Mo sì gbọ́ pé wọ́n ti rí tíṣà kan báyìí, obìnrin kan tó láàánú, tí òun náà fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Òun nìkan ni wọ́n tún fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ṣé ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa òun náà la máa tó gbọ́n? Ní tèmi, ẹ̀sùn tí mo kọ ṣì wà níbẹ̀, mo sì ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni yóò máa ka èyí tí ètò náà bá pa dé. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó yẹ kí n ti ṣe é nígbà òjò.

Lẹ́yìn náà kí Alága wá. Kó gun àtẹ̀gùn tó ń rùn gúlúù yẹn, òun àti gbogbo Ìgbìmọ̀ rẹ̀, èmi náà á sì bá wọn lọ. Àyè kékeré ni, a ó fún ara wa mọ́ ògiri. Kí Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, kó máa gbé e wọlé. Kí àwa yòókù ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan, ká jókòó lé wọn, kí á wo iṣẹ́ náà títí dé ibi tó dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Nígbà tí a bá débẹ̀, kí Alága kọjú sí ìyàwó rẹ̀, kó sì sọ ohun tí ọkùnrin náà máa ń sọ lẹ́yìn àga yẹn: "Ibi tó dúró sí yìí, kì í ṣe òun ló ṣàṣìṣe. Àwa ni."